Ẹ má fi ìdánwò àárọ̀ ọjọ́ kan pín àwọn ọmọ wa: lẹ́tà ṣíṣí sí ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde wa

Abẹ́òkúta

Alága wa, akọ̀wé, akápò, àti gbogbo ẹ̀yin ọmọ ìgbìmọ̀,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ilé-ìwé, ẹ kú ìnáwó. Àwọn kan nínú yín ti jókòó níwájú mi rí ní kíláàsì, àwọn kan sì ti jáde kí n tó wọlé; ipò tí ẹ wà lónìí ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé-ìwé náà nínú lẹ́tà yìí. Irú ìpinnu tí ẹ ṣe yìí ti ń gbérí níbòmíràn náà, òbí tó bá kà á yóò mọ ibi tó ti kàn án.

Ìpinnu náà nìyí, fún ẹni tí kò sí ní ìpàdé. Láti oṣù Kẹsàn-án, wọ́n máa fi ìdánwò kan ṣa 40 ọmọ nínú gbogbo àwọn tó bá wọ JSS 1. Àwọn 40 yìí nìkan ni yóò máa lo ilé tuntun oníyàrá méjì tí ẹgbẹ́ wa kọ́, tó ní kọ̀ǹpútà, fáànù àti iná sólà. Tíṣà tiwọn máa yàtọ̀, táì ọrùn wọn máa yàtọ̀. "Kíláàsì Àwọn Ọlọ́pọlọ Pípé" ni wọ́n kọ sára ògiri rẹ̀, ọ̀dà náà sì ti gbẹ kí ẹnikẹ́ni tó bi àwọn tíṣà léèrè ohun tí wọ́n rò sí i.

Ọdún 31 ni mo fi kọ́ ìṣirò ní àwọn ilé-ìwé ìjọba nílùú yìí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo ti kọ́ kíláàsì A, mo ti kọ́ kíláàsì D. Mo mọ iye tí ilé yẹn ná yín, mo dá owó síbẹ̀ níwọ̀n tí agbára mi mọ. Lẹ́tà méjì ni mo ti kọ sí yín ní ìkọ̀kọ̀, mi ò rí èsì. Ìdí tí ẹ fi ń ka ẹ̀kẹta ní gbangba nìyẹn.

1. Ìdánwò yín kò wọn ohun tí ẹ ní ó ń wọ̀n

Ẹ fún mi ní ìwé ìbéèrè náà kí n yẹ ti ìṣirò wò, mo dúpẹ́. Ìbéèrè 60 ló wà níbẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. 45 nínú rẹ̀ ni ọmọ kò lè dáhùn àfi tó bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì yanjú, títí kan èyí tí ẹ pè ní ìṣirò. Ọmọ tó ti wà ní ilé-ìwé aládàáni láti ọmọ ọdún méjì, tó ń gba lẹ́sìnnì ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń bá sọ Gẹ̀ẹ́sì nílé, máa yege. Ọmọ wa lòun náà, mi ò bínú sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba wá láti apá Láfẹ́ńwá, níbi tí tíṣà kan ti ń bójú tó kíláàsì méjì, kí ni ìdánwò yẹn máa sọ fún yín nípa ọpọlọ rẹ̀? Owó tó wà lápò bàbá rẹ̀ ló máa sọ fún yín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọbìnrin kan. Ìyá rẹ̀ ń ta iṣu ní ọjà Kútọ̀. Ipò kẹtàlélọ́gbọ̀n ló ṣe nínú ìdánwò àkọ́kọ́ ní JSS 1, kò sì sí tíṣà tó mọ orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo kọ ìbéèrè sára pátákó ní Gẹ̀ẹ́sì: oníṣòwò kan ra iṣu 20 ní ₦150 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó tà wọ́n ní ₦180 ọ̀kọ̀ọ̀kan, èló nínú ọgọ́rùn-ún ni èrè rẹ̀? Ọmọ yìí kò kọ nǹkan kan. Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo tún un sọ fún un ní Yorùbá. Kò fọwọ́ kan bírò. Ó ní ₦600 ni èrè, ogún nínú ọgọ́rùn-ún. Ó wá dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Mà, ìyẹn tí ọ̀kankan ò bá rà o. Tí méjì bá rà, ₦240 ló kù sí i lọ́wọ́, kò sì tíì san owó mọ́tò."

Mo ti kọ ìbéèrè yẹn sára pátákó fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú rẹ̀, mo sì kọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Òun nìkan ló rántí pé iṣu máa ń rà. Kí ó tó kúrò ní JSS 3, kò sẹ́ni tó lè bá a dù ú nínú ìṣirò. Ká ní ìdánwò tiyín ló pàdé ní ẹnu ọ̀nà, ibi tí wọ́n bá da àwọn yòókù sí ni wọn ì bá da òun náà sí.

Kì í sì í ṣe òun nìkan. Ẹ wo bí Yorùbá ṣe ń kà. Ọmọ tó bá ní "ẹẹ́tàdínlọ́gọ́ta" ti yọ ẹẹ́ta kúrò nínú ọgọ́ta. Ọgọ́ta fúnra rẹ̀, ogún mẹ́ta ni. Ìsọdipúpọ̀ àti ìyọkúrò wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ọmọ ọdún mẹ́jọ ń pè lẹ́nu nígbà tó bá ń bá ìyá rẹ̀ àgbà ka owó ní Ìtòkú. Ibo ni ìdánwò yín ti béèrè irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀?

Wọ́n ti gbé ọ̀rọ̀ èdè yìí wò rí, kò sì jìnnà sí wa. Ní 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá, mú àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n fi Yorùbá kọ́ wọn ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, wọ́n sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n ń yí sí Gẹ̀ẹ́sì láti kíláàsì kẹrin. Àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ kò rẹ̀yìn. Wọ́n ta àwọn yòókù yọ nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́, títí kan Gẹ̀ẹ́sì náà. Ká ní wọ́n ti fi ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ṣa àwọn ọmọ Modákẹ́kẹ́ yẹn ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ta ni ì bá mọ̀ pé wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Àwọn tó dá ìdánwò ọpọlọ sílẹ̀ pàápàá, ó já wọn kulẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Lewis Terman bẹ̀rẹ̀ sí í fi irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ṣa àwọn ọmọ California ní 1921. Ó ṣa ju 1,400 lọ, ó sì ń tẹ̀lé wọn títí wọ́n fi dàgbà. Méjì lára àwọn tí ìdánwò náà kọ̀ ni William Shockley àti Luis Alvarez. Shockley gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì ní 1956, Alvarez gba tirẹ̀ ní 1968. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn tí Terman ṣà tó gba Nobel. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí ló ṣe àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Àwa fẹ́ fi wákàtí méjì ọjọ́ Sátidé kan ṣe é.

Ọmọ alàdìrẹ ni mí. Ẹnikẹ́ni tó bá dàgbà nídìí ìkòkò aró mọ̀ pé aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò kì í dúdú. Àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ló ń di aró, ìyá mi sì máa ń rẹ ẹ́ padà lẹ́ẹ̀kẹta, lẹ́ẹ̀kẹrin, kí ó tó rí bó ṣe fẹ́. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni ẹ fẹ́ wò láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí ẹ wá pinnu ọdún mẹ́fà tó kù fún un, torí pé nínú ìwé ìpinnu tí mo rí, kò sí ibi tí ẹ kọ ọ́ sí pé ọmọ lè wọlé lẹ́yìn náà. Kò sì sí ibi tí ẹ ti sọ bí ẹni tó wọlé ṣe lè jáde.

Alága, ẹ ní ní ìpàdé pé ìka kò dọ́gba. Mo gbà. Ẹ ò tíì wọn àwọn ìka náà ni mò ń sọ.

2. Tíṣà mélòó ni a ní?

Tíṣà ìṣirò mẹ́ta ló ń bẹ fún JSS 1 sí 3, àwọn ọmọ inú kíláàsì náà sì tó 960. Èyí já sí 320 ọmọ fún tíṣà kan. Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè wa ní 40 ọmọ ló yẹ kó wà fún tíṣà kan ní ilé-ìwé girama, gbogbo wa sì mọ̀ pé a ti jìnnà sí i. Ní báyìí ẹ fẹ́ mú ẹni tó dáńgájíá jù nínú àwọn mẹ́ta náà, ẹ fẹ́ gbé e fún 40 ọmọ. 920 tó kù, tíṣà méjì ni yóò pín wọn: 460 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Yàrá tí ẹ kọ́ kò bí tíṣà. Láti ara àwọn ọmọ yòókù ni ẹ ti fẹ́ yọ ọ́, láìjẹ́ pé òbí kankan nínú wọn fọwọ́ sí i.

Ìdí tí mo fi ta ko ìpinnu yìí ju ohunkóhun mìíràn lọ nìyẹn. Ká ní ẹ gba tíṣà tuntun, tí ẹ sì ń san owó oṣù rẹ̀, àríyànjiyàn wa ì bá kéré. Ṣùgbọ́n owó tí ẹ kọ sílẹ̀ fún táì àti báàjì àwọn 40 náà ni mo rí nínú ìwé ìnáwó, mi ò rí owó tíṣà.

3. Orúkọ tí a bá sọ ọmọ máa ń mọ́ ọn lára

Láyé àwọn kíláàsì A, B, C, D tí gbogbo wa mọ̀, mo bi kíláàsì D ní ìbéèrè kan tí kò le rárá. Ọmọkùnrin kan dáhùn láti ẹ̀yìn, ó ní, "Mà, tiwa kọ́ nìyẹn, ẹ lọ bi A." Kò ṣe yẹ̀yẹ́. Ohun tí a ti fi ọdún méjì kọ́ ọ ló sọ fún mi. Ẹ̀yin tó kàwé nígbà náà, ẹ rántí bí wọ́n ṣe ń pe àwọn yẹn ní olódo láti orí ìlà àárọ̀ títí dé ìdí omi.

Àwọn ti A náà kò bọ́. Nígbà tí mo bá gbé ìbéèrè tó le gan-an fún wọn, wọ́n máa ń dákẹ́, kálukú ń wo ẹnì kejì, torí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé bí wọ́n bá ṣì í, wọn ò ní jẹ́ ọmọ A mọ́. Ọ̀kan nínú wọn bọ́ sí B ní ìparí ọdún, ìyá rẹ̀ sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bẹ̀ ẹ́ kí ó tó padà wá sí ilé-ìwé. Táì aláwọ̀ wúrà tí ẹ fẹ́ rán yẹn, ẹ ṣáà rò ó wò.

4. Ibi tí ẹ ti jàre

Mi ò ní sọ pé kò sí ọmọ tí orí rẹ̀ pé ju ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Wọ́n wà, ìyà sì ń jẹ wọ́n ní kíláàsì ọlọ́gọ́rin. Mo kọ́ ọmọkùnrin kan tó ti parí ìwé ìṣirò ọdún náà kí ìsinmi Kérésì tó dé. Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe fún un. Mo ní kó máa bá mi máàkì iṣẹ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, mo rò pé mo pọ́n ọn lé. Nígbà tó di tíámù kẹta, ó ti ń sùn ní kíláàsì. Nígbà tó dé SS 1, kò mú ìwé wá mọ́. Ọmọ yẹn wá sí ilé-ìwé láti kọ́ ohun tí kò mọ̀, èmi ń lò ó bí ìgbákejì tíṣà. Ó ń dùn mí títí di òní, òun sì ni mò ń rò nígbà tí mo dá owó sí ilé tuntun náà.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní ká fi gbogbo wọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí a má ṣe ohunkóhun, kò sí lẹ́yìn mi. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílò iṣẹ́ tó le tó o, ó nílò ẹni tó máa bá a jiyàn, ó sì nílò ẹgbẹ́ tó lè bá a sáré. Kò nílò ògiri láàárín òun àti àwọn yòókù kó tó lè rí wọn.

5. Àwọn àpẹẹrẹ tí ẹ mú wá sí ìpàdé

Igbákejì alága mẹ́nu ba ilé-ìwé ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Suleja ní 1986 fún àwọn ọmọ tó ní ẹ̀bùn ọpọlọ. Òótọ́ ni pé ó wà, òótọ́ ni pé Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ ka irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́ àwọn tó nílò àkíyèsí pàtàkì. Ṣùgbọ́n ilé-ìwé odindi ni ìyẹn, ó ní owó tirẹ̀ àti tíṣà tirẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ìjọba. Tiwa, abẹ́ òrùlé kan náà ni a ti fẹ́ ge é sí méjì.

Ẹlòmíràn ní Wọlé Ṣóyínká lọ sí Government College, Ìbàdàn, ilé-ìwé àwọn àṣàyàn. Bẹ́ẹ̀ ni, ó lọ. Kó tó lọ, ilé-ìwé St. Peter's ní Aké ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ṣe díẹ̀ ní Abẹ́òkúta Grammar School, láàárín ọmọ onírúurú èèyàn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Àpẹẹrẹ ẹnì kan kò lè dá ẹjọ́ yìí.

Tí ẹ bá fẹ́ ibi tí wọ́n ti ṣe é pẹ́, ẹ wo Singapore. Láti 1984 ni wọ́n ti ń fi ìdánwò ṣa nǹkan bí ọmọ kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ sí àwọn ilé-ìwé díẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wọn, wọ́n sì ní owó àti tíṣà tí àwa kò ní. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, olórí ìjọba wọn, Lawrence Wong, kéde pé àwọn máa fòpin sí i bó ṣe wà; ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni yóò máa ṣe ètò fún àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ níbi tí wọ́n wà. Ohun tí wọ́n fi ogójì ọdún gbìyànjú, tí wọ́n sì ń yí padà, ni àwa ń sáré bẹ̀rẹ̀.

Kí n mú ti ilé wa wá náà. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tó mọ̀wé ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kọ́kọ́ ń darí ní Abẹ́òkúta. Àwọn obìnrin ọjà ní àwọn náà fẹ́ mọ̀wé kà, wọ́n sì gbà wọ́n wọlé, wọ́n kọ́ wọn. Ní 1946 ẹgbẹ́ náà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, àwọn obìnrin ọjà yẹn náà ló sì wà níwájú nínú ìjà owó orí tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ wa. Ìyá mi máa ń sọ ọ́ fún wa nídìí aró. Kò sẹ́ni tó fún wọn ní ìdánwò kó tó gbà wọ́n.

6. Ohun tí mò ń béèrè lọ́wọ́ yín

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ dá ìdánwò Sátidé náà dúró. Ẹ pa orúkọ ara ògiri yẹn rẹ́, ẹ sì dá owó táì àti báàjì padà sínú àpò ẹgbẹ́. Kí a fi kún un, kí a gba tíṣà ìṣirò kan tàbí ti sáyẹ́ǹsì, kódà bó jẹ́ fún ọdún kan péré.

Kí ilé tuntun náà jẹ́ ti gbogbo ilé-ìwé. Àárọ̀, kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀ nídìí kọ̀ǹpútà. Ọ̀sán, láago méjì sí mẹ́rin, ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, kó jẹ́ ti àwọn tó bá fẹ́ ohun tó le ju ti kíláàsì lọ: ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ìwé kíkọ ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Tíṣà lè mú orúkọ ọmọ wá, ọmọ lè mú orúkọ ara rẹ̀ wá, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà lè mú un wá, torí àwọn ọmọ mọ ara wọn ju bí a ṣe mọ̀ wọ́n lọ. Kí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ tíámù kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé, kí ó ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lójú wa, ní èdè tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí a wo bó ṣe ń ronú.

Kí a fi ìṣirò sí wákàtí kan náà fún JSS 1, 2 àti 3 nínú táìmù-tébù. Ó máa fún ọ̀gá ilé-ìwé ní iṣẹ́ díẹ̀, mo mọ̀, mo ti ṣe táìmù-tébù rí. Ṣùgbọ́n tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ JSS 1 tó ti kọjá ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìṣirò lè rìn lọ sí JSS 3 fún wákàtí náà, kí ó sì padà wá bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ fún ìtàn àti Yorùbá. Ẹni tó bá tayọ nínú gbogbo rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fún un ní dọ́bù púrómóṣọ̀n bíi ti àtijọ́, pẹ̀lú àṣẹ òbí rẹ̀. Ìyẹn kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Ní ìkẹyìn, kí a pe ìpàdé tí àwọn tíṣà àti àwọn òbí máa wà níbẹ̀, àwọn òbí tó ń tajà náà, kí ó jẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́ ọjà, kí a sì sọ ọ́ ní Yorùbá.

Èmi máa gba Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ti ìṣirò láìgba owó, fún ọdún méjì, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí. Mo ti bá tíṣà físíìsì kan tó fẹ̀yìn tì sọ ọ́, ó ti gbà. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ wà nínú fáìlì lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ìbéèrè iṣu sì ni mo fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Mo máa wà ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé láago méje àárọ̀ Sátidé náà, yálà ẹ dá a dúró tàbí ẹ ò dá a dúró.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ilé-ìwé wa,
Tíṣà ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì, akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé-ìwé yìí